Òjò Dá, Ṣùgbọ́n Omi Ṣì Ń Bọ̀: Ìparí Àkókò Òjò ní Etí Odò Ọya

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ètò wa lórí ojú ọjọ́ àti bí a ṣe ń gbé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Onitsha níbí. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Láti ọdún tí mo ti ń gbé Woliwo, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti ilẹ̀ Yorùbá wá ni ó ń fi ìmọ̀ tí a gbé ti ilé wá ka ojú ọjọ́ ibí. Ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ilé, bí òjò bá ti dá, a máa ń mí kanlẹ̀. Ní etí Odò Ọya, ìgbà tí òjò bá ń dá gan-an ni omi máa ń ga jù lọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí nìkan bá yé gbogbo ilé tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ti di ṣíṣe.

ORÚKỌ TÍ A Ń PE ÀKÓKÒ YÌÍ

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà máa ń sọ fún wa lórí fóònù ní oṣù kẹwàá pé ewé ti ń pọ́n, pé ó ti ń wọ́ sílẹ̀, pé òtútù ti ń bọ̀. Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn olùkọ́ èdè wa ń pe àkókò náà. Àwa kò ní irú rẹ̀ níbí, nítorí pé oòrùn kì í jìnnà sí wa bí ó ti ń jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n a ní ìparí àkókò tiwa, àwọn baba wa sì mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fún òjò ìgbẹ̀yìn ní orúkọ tirẹ̀. Àkọ́rọ̀ ni èyí tí ó kọ́kọ́ rọ̀, tí àgbẹ̀ fi ń gbin nǹkan sílẹ̀. Àrọ̀kúrò ni èyí tí ó kẹ́yìn, tí ó ń mú irè oko gbó. Wọ́n sì pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà, ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń gbọ́ nínú “ọ̀wàrà òjò”. Kí Bélú àti Ọ̀pẹ tó parí, òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé.

Ohun tí àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkìtì kò ní ìdí láti fi orúkọ pè ni odò ńlá tí ń gòkè nígbà tí òjò ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ nìyẹn, àwa náà sì ti di ọ̀kan lára wọn.

AFẸ́FẸ́ MÉJÌ TÍ Ń TI ARA WỌN

Kí ni ó ń mú òjò dá? Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún láàárín ara wọn lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Òun ni ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Èyí gbẹ, eruku ni ó rù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni ààlà wọn, ààlà náà kì í sì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ á ti ì sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi sún mọ́ etí òkun. Láti oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà, títí yóò fi lé e dé etí aṣálẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Nígbà tí ààlà yìí bá jìnnà jù sókè, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní gúúsù. Ìdí nìyẹn tí oṣù kẹjọ fi máa ń fún wa ní ìsinmi tí àwọn ìyá fi ń sá àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ń padà bọ̀ wálẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, yóò tún gba orí wa kọjá. Àrọ̀kúrò nìyẹn. Òjò ìpadàbọ̀ yìí kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ìjì àti àrá lọ́wọ́. Páànù tí àkọ́rọ̀ kò rí ṣí, àrọ̀kúrò lè ṣí i. Nítorí náà, kí ọwọ́ yín má ṣe dẹ̀ lórí òrùlé títí oṣù kọkànlá yóò fi kọjá.

OMI TÍ Ó TI Ọ̀NÀ JÍJÌN WÁ

Wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, orí ọmọ tí ó gbàgbé ilé ni a máa ń pa òwe yẹn lé. Lónìí, mo fẹ́ kí a fi ojú lásán wò ó: níbo ni orísun odò yìí wà?

Odò Ọya bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè ní ilẹ̀ Gínì. Kò gba ọ̀nà tààrà wá sí òkun. Ó kọ́kọ́ kọrí sí aṣálẹ̀, ó gba Málì kọjá, ó ṣẹ́rí padà, ó gba ilẹ̀ Niger àti etí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4,180 kìlómítà. Ní Lọ́kọ́jà, Odò Bẹ́núé tí ó ti Kamẹrúùnù wá pàdé rẹ̀. Láti Lọ́kọ́jà dé ọ̀dọ̀ wa ní Onitsha jẹ́ nǹkan bíi 200 kìlómítà. Èyí já sí pé gbogbo omi tí ó rọ̀ ní Sókótó, ní Kàdúná, ní Níjà, ní Adámáwá, ní Bẹ́núé àti ní apá àríwá Kamẹrúùnù, abẹ́ afárá Onitsha ni yóò gbà kọjá.

Òjò àríwá máa ń pọ̀ jù ní oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Omi kì í fò bí ẹyẹ, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Kí ó tó kúrò lórí oko, kí ó wọ odò kékeré, kí odò kékeré gbé e fún odò ńlá, kí odò ńlá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ti kọjá. Nítorí náà, odò tí ó kéré jù ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ó máa ń dé góńgó láàárín ìparí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ó sì máa ń fà ní oṣù kọkànlá àti oṣù Ọ̀pẹ. Oòrùn tí ó ń ràn lórí Woliwo kò sọ ohunkóhun fún wa nípa òjò tí ó rọ̀ ní Yólà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyanu odò yìí kan kún un fún àwọn ọmọ iléèwé. Ní Málì, odò náà tàn ká sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó gbòòrò gan-an, ó sì pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Omi òjò Gínì tí ó rọ̀ ní ọdún yìí kì í dé adágún Káíńjì títí di ìparí ọdún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gbogbo ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìkún dúdú, nítorí pé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ ní Málì, omi rẹ̀ sì mọ́ gaara. Èyí tí ó ti inú òjò nítòsí wá ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni ìkún funfun, tí ẹrẹ̀ mú kí ó pọ́n bí ẹ̀kọ tí a kò sẹ́. Ìkún funfun yìí, pẹ̀lú ti Bẹ́núé, ni ó ń kan ìlẹ̀kùn àwọn ará Ogbaru.

OHUN MÉJÌ NI ÀGBÀRÁ ÀTI ÌKÚN ODÒ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ní Ìbàdàn, bóyá a rí i tàbí wọ́n sọ fún wa. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òjò rọ̀ sórí ìlú, láàárín wákàtí díẹ̀ omi kún, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó sì lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a bá gbọ́ omíyalé. A mọ̀ pé òjò ni ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ìkún Odò Ọya kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sáré, kì í pariwo. Ó lè gòkè fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí kí òjò kán sílẹ̀. Bí ó bá sì wọlé, kì í jáde lọ́jọ́ kejì. Ó lè jókòó fún oṣù kan. Àwọn ará ilé wa tí ó sún mọ́ ọn jù ni àwọn tí ń gbé ní Ìṣerí àti ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ń tú omi sílẹ̀ ní dámù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, Odò Ògùn lè wọlé tọ̀ wọ́n wá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá nígbà tí ojú ọ̀run mọ́. Bákan náà ni ó rí ní Ganvié, ìlú tí ó wà lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àsìkò yìí náà ni omi Odò Ouémé máa ń wọ inú adágún wọn, tí omi náà á ga, tí iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dínkù.

Àwa ará Woliwo kò sí ní etí odò gan-an, àwọn kan sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ odò kò kàn wá. Ó kàn wá, láti ẹnu gọ́tà. Ibi tí gbogbo gọ́tà ìlú ń sá lọ ni odò. Bí odò bá ga débi pé ó bo ẹnu gọ́tà mọ́lẹ̀, omi ìlú kò ní ibi tí yóò dà sí mọ́. Òjò kékeré tí kò lè ṣe wá ní nǹkankan ní oṣù karùn-ún lè wọ yàrá wa ní oṣù kẹwàá, pàápàá bí a bá ti fi ọ̀rá àti ike dí ọ̀nà fún un. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí onílé ṣe lè kọ̀ fún un ni kí ó ko gọ́tà iwájú ilé rẹ̀.

Gọ́tà kì í sì í gbé omi nìkan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2019, táńkà tí ó gbé epo bẹntiróòlù ṣubú ní Upper Iweka. Epo náà ṣàn wọ inú gọ́tà, iná sì tẹ̀lé e dé ọjà Ochanja. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kékeré kú, ilé àti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ sì jóná. Ẹ rí i pé ọ̀nà omi jẹ́ ọ̀nà gbogbo ohun tí ó bá lè ṣàn.

ÀWỌN AGBÓDEGBÀ WA TI MỌ ÀKÓKÒ OMI

Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí odò yìí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, wọ inú rẹ̀ ní 1841, ní 1854 àti ní 1857. Ìrìn àjò ti 1857 ni wọ́n fi dá iṣẹ́ míṣọ́nnárì sílẹ̀ ní Onitsha, tí wọ́n sì fi J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, sí ìdí iṣẹ́ náà. Ẹ wo oṣù tí wọ́n yàn. Ní 1854, ọkọ̀ Pleiad wọ odò ní oṣù keje nígbà tí omi ń gòkè, ó sì ti jáde sí òkun ní oṣù kọkànlá kí omi tó fà. Ọkọ̀ ńlá tí ó bá pẹ́ yóò jókòó sórí yanrìn títí di ọdún kejì. Kódà, bí omi bá ga, àpáta ṣì wà lábẹ́ rẹ̀: ní oṣù kẹwàá 1857, ọkọ̀ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà ó sì fọ́, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì pàgọ́ sí etí odò. Láti ìgbà náà ni odò ti ń kọ́ àwọn tí ó bá ń bá a lò pé kí wọ́n wo oṣù kí wọ́n tó ṣí ẹsẹ̀.

ỌDÚN 2012 ÀTI ỌDÚN 2022

Ní oṣù kẹwàá 2012, oòrùn ń ràn ní Woliwo, aṣọ tí a sá ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Nínú oòrùn yẹn ni àwọn ẹbí onílé wa dé láti apá Atani ní Ogbaru, ènìyàn mọ́kànlá, pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́ta, ibùsùn tí omi ti mu, àti iṣu tí wọ́n sáré wà kí ó tó gbó. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi bi ìyá àgbà inú wọn pé ọjọ́ wo ni òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìyá náà mi orí. Ó ní òjò kọ́. Ó ní odò ni ó rìn wọlé wá, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí ó mọ ọ̀nà. Ó fi ọjọ́ mẹ́fà gùn láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn dé ojú fèrèsé.

Wọ́n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, a jọ ń lo yàrá ìdáná kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn ọ̀dọ́ inú wọn lọ wo ilé, wọ́n ní àgbàlá ti gbẹ, wọ́n fẹ́ padà. Ìyá àgbà kọ̀. Ó ní kì í ṣe àgbàlá ni a ń wò, ìdí ògiri ni. Ó mú wọn dúró títí di ìparí oṣù kọkànlá. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n bá ògiri yàrá tí àwọn ọmọ máa ń sùn sí nílẹ̀. Omi ti lọ tán kí ó tó wó. Ògiri amọ̀ tí ó ti mu omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kì í wó nígbà tí omi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbà tí omi bá fà tí kò sí ohun tí ó dì í mú mọ́ ni ó ń ṣubú. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń sùn nínú yàrá yẹn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àjọ NEMA kà á pé ènìyàn 363 ni ó kú káàkiri Nàìjíríà nínú ìkún omi 2012, àwọn tí ó sì fi ilé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní ìpínlẹ̀ Anambra, Ogbaru àti àwọn ìlú etí Odò Anambra ni ó fara gbá a jù. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2022, ó tún dé. Àwọn tí ó kú lọ́tẹ̀ yìí lé ní 600 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó gbé àwọn tí ń sá fún ìkún omi ní Ogbaru dànù, ènìyàn 76 sì bá a lọ. Nǹkan bíi 85 ni wọ́n sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ tí ó ti kún.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ ní ọjà ni pé Kamẹrúùnù ni ó tú omi sí wa lórí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Dámù Lagdo, tí wọ́n parí ní 1982, wà lórí Odò Bẹ́núé, wọ́n sì máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá kún. Dámù tí Nàìjíríà gbèrò láti kọ́ sí Dasin Hausa ní Adámáwá kí ó lè gba omi náà dúró kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìkún ti 2012 àti ti 2022 dé. Ṣùgbọ́n bí Lagdo kò bá tilẹ̀ tú omi rárá, òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ wa fúnra wa pọ̀ tó láti mú odò gòkè. Ẹni tí ó bá ń retí ìròyìn Lagdo nìkan, ojú kan ni ó fi ń ṣọ́nà.

BÍ A ṢE Ń GBÉ NÍ ÀSÌKÒ YÌÍ

Kì í ṣe ewu nìkan ni ìparí òjò. Ó ní adùn tirẹ̀ ní Onitsha, ẹni tí ó bá sì fetí sílẹ̀ lè fi ọjà mọ ibi tí odò dé. Bí iṣu tuntun bá ń ya wọ ọjà Ose láìròtì, tí owó rẹ̀ sì rọ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń sáré wà á kí omi tó ká a mọ́lẹ̀. Ìyá tí ó bá lọ́gbọ́n á ra díẹ̀ pa mọ́ nígbà yẹn, nítorí pé bí omi bá bo oko, owó oúnjẹ yóò gbéra. Oṣù kẹwàá ni Obi Onitsha máa ń ṣe ọdún Ofala. Àwọn onílẹ̀ á wọ aṣọ ìyì, ìlù á máa dún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lọ bá wọn yọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlú tí a ń jẹ nínú rẹ̀ ni.

Bí odò bá ń fà, ó máa ń fi adágún sílẹ̀ káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹja á sì há sínú wọn. Àwọn abúlé etí odò ní òfin lórí ẹni tí ó lè pa ẹja inú adágún wọ̀nyí àti ìgbà tí ó lè pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín kó àwọ̀n lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí oṣù Ọ̀pẹ bá parí, ìyanrìn á yọrí láàárín odò, àwọn tí ń wa yanrìn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ó sì lè dúró lórí afárá, yálà ti àtijọ́ tí wọ́n parí ní 1965 tàbí ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2023, kí a máa wo ilẹ̀ tí omi ti bò fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yìn ìkún omi ni àìsàn ń tẹ̀lé. Omi tí ó jókòó sójú kan ni ẹ̀fọn ń yé sí, ibà sì máa ń pọ̀ ní àsìkò yìí. Omi ṣàlàńgá máa ń wọ inú kànga, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì ń bá a rìn. Ejò tí omi lé kúrò ní ihò máa ń wá ibi gbígbẹ, ìyẹn ni abẹ́ ibùsùn àti inú àpò ẹrù.

Lẹ́yìn èyí ni ọyẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti borí, ètè ń là, eruku bo gbogbo nǹkan. Ní 2016, àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi Onitsha sí ipò tí ó burú jù lọ ní ayé nípa eruku wẹ́wẹ́ inú afẹ́fẹ́: ìwọ̀n 594, nígbà tí èyí tí àjọ náà fọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ 20. Àwọn kan jiyàn lórí bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé láàárín ọ̀nà eléruku, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun lójú títì kò nílò ẹlẹ́rìí. Ọyẹ́ tún ń fi kún un. Igi, páálí àti aṣọ inú ọjà ti gbẹ, iná kékeré kan sì tó láti sọ iṣẹ́ ogún ọdún di eérú.

OHUN TÍ MO RỌ̀ WÁ LÁTI ṢE

1. Ẹ máa gbọ́ ìròyìn Lọ́kọ́jà. Bí ẹ bá gbọ́ pé omi ti bo títì ní Lọ́kọ́jà, ọjọ́ mélòó kan péré ni ó kù kí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lo ọjọ́ náà láti kó ẹrù kúrò nílẹ̀, kì í ṣe láti ṣe àríyànjiyàn.

2. Ìkìlọ̀ àwọn àjọ ojú ọjọ́ àti ti omi máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kà á fún wa ní ìpàdé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí a ko gọ́tà ní oṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, ẹ má sì ṣe da ohun tí ẹ bá kó sí etí gọ́tà kan náà.

4. Ẹni tí ó bá ní ọjà ní ilé ìkẹ́rù nítòsí odò, kí ó gbé e sókè kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Kí ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti káàdì ilé ìwòsàn wà nínú ọ̀rá kan tí a lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

5. Ọkọ̀ ojú omi tí ó bá kún, tàbí tí kò bá ní ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ọjà kò tó ohun tí a fi ẹ̀mí ọmọ san.

6. Ẹ má ṣe padà sínú ilé tí omi wọ̀ títí ìdí ògiri yóò fi gbẹ. Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wo kànga kí ẹ tó fa omi inú rẹ̀.

7. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a pa iná àti ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kí a tó tì í, kí garawa yanrìn kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

8. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń gbé Okpoko àti apá odò, kí àwa tí a wà lórí ilẹ̀ gíga ti mọ yàrá tí a ó fún wọn kí oṣù kẹwàá tó dé. Ìran Ìgbò tí a jọ ń gbé ń ṣe é fún ara wọn. Kò yẹ kí tiwa kéré sí i.

Ẹ̀yin ará mi, a kò lè ní kí Odò Ọya má gòkè. Ó ti ń gòkè kí a tó dé Onitsha, yóò sì máa gòkè lẹ́yìn wa. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a má ṣe jẹ́ kí ó bá wa lójú oorun. Bí àrọ̀kúrò bá rọ̀ tán tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ yọ̀, ẹ sá aṣọ yín, ṣùgbọ́n ẹ rán ọmọ kan lọ wo odò.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi gbé wa lọ, kí ó má jẹ́ kí iná jó wa. Kí ó jẹ́ kí ọyẹ́ ọdún yìí bá wa lálàáfíà, tọmọtọmọ, tajàtajà. Àṣẹ.